Kátírìjì Àfọwọ́kì: Kí Ni Ọdẹ Amẹ́ríkà Ń Ṣe Nínú Gáráàjì Rẹ̀?

Irú fídíò kan wà tí kì í tán lórí WhatsApp àwa ọmọ Èkìtì. Òyìnbó kan á jókòó nínú gáráàjì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, á kó kòròfo idẹ jọ síwájú, á máa wọn ẹ̀tù sínú wọn, á sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ ọta sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí fídíò tó parí, ẹ ó rí àgbọ̀nrín ńlá kan nílẹ̀, inú oníbọn á sì máa dùn ṣìnkìn. Ìgbà náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ṣé ilé ni wọ́n ti ń ṣe ọta lọ́hùn-ún ni? Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe sí ṣakabùlà náà nìyí? Kí ló dé tó ń wo òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń ta wúrà? Ẹnìkan á sì ní kí wọ́n bá òun béèrè lọ́wọ́ ọmọ òun tó wà ní Houston bóyá ó lè rí ẹ̀rọ yẹn rà ránṣẹ́ sí ọdẹ ilé.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló mú mi kọ èyí. Iṣẹ́ tí Òyìnbó náà ń ṣe jọ ti ọdẹ wa lójú lóòótọ́, àmọ́ ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ síra gan-an ni ìka ọwọ́ ti ń gé.

Kí ló wà nínú kátírìjì kan?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ọta. Kò burú nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí, ìyókù kò ní yé wa. Kátírìjì ni odidi rẹ̀, èyí tí ọdẹ ń kó sápò. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátírìjì.

Kòròfo ló gbá àwọn yòókù mọ́ra. Ti ráífù, idẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ bàbà, kí ìyókù jẹ́ sínkì. Ní ìdí kòròfo ni práímà wà, ife irin tín-ín-tín kan tí wọ́n fi nǹkan tó ń tètè gbiná sínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti kàn án, ó ṣáná. Iná yẹn á gba ihò kan wọ inú kòròfo, á ran ẹ̀tù, ẹ̀tù á di gáàsì gbígbóná, gáàsì á sì ti ọta jáde. Ọta ni ẹ̀kẹrin: òjé tí wọ́n fi bàbà bò, tàbí bàbà látòkè délẹ̀, tó jókòó sẹ́nu kòròfo. Òun nìkan ló ń lọ bá ẹran.

Nígbà tí ọdẹ bá yìnbọn tán, práímà ti jóná, ẹ̀tù ti lọ, ọta ti lọ. Kòròfo ló kù, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òyìnbó kò ju idẹ rẹ̀ nù, ohun tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kò rọ idẹ, kò po ẹ̀tù, kò sì ṣe práímà. Ó ra práímà, ẹ̀tù àti ọta ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tò wọ́n sínú kòròfo tó ti lò rí. Ẹni tó bá ní wọ́n ń ṣe ọta nílé ti bù mọ́ ọn. Àtòpọ̀ ni. Kátírìjì àfọwọ́kì ni màá máa pè é láti ìhín lọ.

Ohun kan tún kù kí a tó kúrò níbí. Kátírìjì tí ọ̀pọ̀ ọdẹ Èkìtì mọ̀ ni ti dọ́bù bárẹ̀lì, èyí tí ike wà lára rẹ̀, tí ọta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ti ráífù kì í ní ju ọta kan lọ. Inú ọ̀pá ráífù ní ilà tí wọ́n gbẹ́ lọ́ bí okùn tí a fi ọwọ́ lọ́, ilà yẹn ló ń mú ọta yí bó ṣe ń jáde, kó lè lọ tààrà sí ibi jíjìn. Kátírìjì ráífù ni àwọn inú fídíò ń kì.

Ṣé ẹ̀tù ṣakabùlà náà ni ẹ̀tù wọn?

Rárá o. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ni wọ́n fi ń po ẹ̀tù dúdú tí ọdẹ ń kì sí ṣakabùlà. Ó ti pẹ́ láyé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ti rí i bó ṣe ń ṣe níbi ìsìnkú ọdẹ: èéfín á bo gbogbo ojúde, òórùn imí-ọjọ́ á gba imú, inú ọ̀pá ìbọn á sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀tù inú kátírìjì òde òní jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Ní 1884, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù kan tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò ju ọdún méjì lọ tí àwọn ológun Faransé fi gbé ìbọn tuntun tó ń lò ó jáde, ìyẹn Lebel ti 1886. Alfred Nobel, ẹni tí ẹ̀bùn Nobel ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, náà ṣe tirẹ̀ ní 1887. Nǹkan bí òwú tàbí èròjà igi tí wọ́n ti fi ásíìdì sọ dà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ìwọ̀n kan náà, agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ dáadáa.

Síbẹ̀, kì í ṣe agbára yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Ìwà rẹ̀ ni. Bí ẹ̀tù tuntun yìí bá ń jó ní gbangba, ó kàn ń jó fùù ni. Bí ẹ bá há a mọ́, bí ìfúnpá inú ibi tó wà (ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti ara ibi tó há sí) ṣe ń ga ni jíjó rẹ̀ ń yára sí i. Bó ṣe ń yára sí i ni ìfúnpá náà tún ń ga sí i. Ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ kún un, ohun tó máa bá a jáde lè ju díẹ̀ lọ fíìfíì.

Irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Ti ìbọn ìléwọ́ ń jó kíákíá, ti ráífù ń jó díẹ̀díẹ̀, àárín wọn sì tún kún fún onírúurú. Lójú, gbogbo wọn jọra: eérú dúdú wóró-wóró, òmíràn gígùn bí ìgé abẹ́rẹ́, òmíràn pẹlẹbẹ, òmíràn róbótó. Kò sí àgbà ọdẹ tó lè da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́ kó wò ó, kó fi òórùn rẹ̀ mọ èyí tó jẹ́. Agolo tó ti wá nìkan ló mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi gbé ju agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo lọ sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀tù tí kò bá ní orúkọ mọ́ sì ń di ohun tí wọ́n ń bàjẹ́, wọn kì í fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kì í?

Ẹ jẹ́ ká mú kátírìjì ráífù kan tí wọ́n ń pè ní .308 Winchester bí àpẹẹrẹ. Wọ́n gbé e jáde ní 1952, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín jù lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà .308 yẹn ni fífẹ̀ ọta rẹ̀ ní íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 7.8.

Kí ọdẹ tó kan ẹ̀tù rárá, kòròfo ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Nígbà tí ìbọn bá dún, idẹ á fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ibi tó jókòó sí nínú ìbọn, lẹ́yìn náà á súnkì díẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún un lò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, idẹ á máa ṣàn síwájú, ọrùn rẹ̀ á máa gùn, ara rẹ̀ lẹ́bàá ìdí á sì máa fẹ́lẹ́. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ wù mí púpọ̀: wọ́n á mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń há ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n á nà án, wọ́n á tẹ ṣóńṣó rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n á tì í bọ inú kòròfo títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa rọra fà á bọ̀ lókè lára ògiri inú. Bí ṣóńṣó wáyà bá kọ́ kòtò tóóró kan, tó há díẹ̀ kó tó kọjá, kòròfo yẹn ti fẹ́ já sí méjì nìyẹn. Wọ́n á fi ẹ̀mú tẹ ẹnu rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tún un mú. Láti ìta, ìlà funfun fẹ́lẹ́ kan lè yọ yí ìdí rẹ̀ ká. Ó sì lè má yọ.

Èyí tó bá yege, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa á lára, wọ́n á sì tì í sínú dáì. Dáì ni irin líle tí inú rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí kòròfo tuntun ṣe yẹ kó rí. Ẹ̀rọ tí ẹ rí nínú fídíò, èyí tó ní ọwọ́ gígùn tí wọ́n ń fà wálẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń fi agbára ti idẹ tó ti fẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ àárín dáì á ti práímà tó ti jóná jáde nígbà kan náà. Òróró yẹn náà gba ìṣọ́ra. Bó bá kéré jù, kòròfo á há sínú dáì, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kó tó jáde. Bó bá pọ̀ jù, èjìká kòròfo á tẹ̀ wọnú.

Wọ́n á wá fi kálípà, irin ìwọ̀n tó ń ka ohun tín-ín-tín, wọn gígùn rẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti gùn ju ìwọ̀n inú ìwé lọ, wọ́n á gé e, nítorí ọrùn tó gùn jù á fún mọ́ ọta nínú ìbọn, ìfúnpá á sì gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tù kún un. Lẹ́yìn èyí ni práímà tuntun á wọlé. (Ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ práímà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, ló gbé irú tí Amẹ́ríkà ń lò kalẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Hiram Berdan, ló ṣe irú tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ológun Yúróòpù. Ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo ní àárín, abẹ́rẹ́ dáì á gba ibẹ̀ tì í jáde wẹ́rẹ́. Ti Berdan ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fún ẹni tó bá fẹ́ tún kòròfo rẹ̀ kì ní wàhálà.)

Ẹ̀tù ló kàn. Gréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gréènì 7,000 ló wà nínú pọ́ùn kan, bíi 15 ló sì wà nínú gíráàmù kan. Ọta .308 tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín sábà máa ń wọn gréènì 150 tàbí 165, kò tó gíráàmù mọ́kànlá. Ẹ̀tù tó ń tì í kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta lọ. Òṣùwọ̀n wọn ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gréènì, ìyẹn ni ẹ fi ń rí Òyìnbó tó ń mí díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì ti pa fáànù kí atẹ́gùn má baà mi àwo òṣùwọ̀n.

Ibo ló ti mọ iye tó yẹ? Inú ìwé ni. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀tù àti àwọn tó ń ṣe ọta ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nínú ìbọn. Wọ́n á dán an wò, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọta báyìí, pẹ̀lú ẹ̀tù báyìí, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni kí ẹ má kọjá. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí òpin. Ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á yìn díẹ̀, á wo ìdí kòròfo, á tún gòkè díẹ̀. Ẹ kò ní rí iye ẹ̀tù kan pàtó nínú àlàyé yìí, nítorí iye tó bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀tù àti orúkọ ọta rẹ̀ ti di ewu.

Nígbà tí wọ́n bá wọn ẹ̀tù sínú gbogbo kòròfo tán, wọ́n á tò wọ́n sórí pákó oníhò, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu láti òkè. Ẹ̀tù gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró sí ibi kan náà. Èyí tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tàbí tó ṣófo, wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún un wọ̀n. Dáì kejì ló ń tẹ ọta sẹ́nu kòròfo, dé ìwọ̀n jíjìn tí ìwé sọ. Ó parí.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí ìwọ̀n bá yẹ̀?

Ẹ ronú nípa táyà mọ́tò. Nígbà tí fọ́kánáísà bá fún un ní atẹ́gùn, nǹkan bí 32 ni géèjì rẹ̀ máa ń kà, ìyẹn pọ́ùn 32 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó. Gbogbo wa sì mọ bí táyà tó bẹ́ ṣe ń ṣe. Kátírìjì dọ́bù bárẹ̀lì 12 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó), òpin tí àjọ SAAMI tó ń ṣètò ìwọ̀n kátírìjì ní Amẹ́ríkà fi lé e ni 11,500. Ti .308? 62,000. Gbogbo èyí sì ń ṣẹlẹ̀ ní bíi ìka mélòó kan sí ojú ẹni tó ń yìnbọn, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí ìdí ìbọn.

Irin ìbọn lè gba ìyẹn mọ́ra, wọ́n ṣe é fún un. Kò lè gba ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà. Bí ìfúnpá bá ti ń sún mọ́ òpin, ìbọn máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀: práímà tó yẹ kó ní etí róbótó á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi òòlù lù ú, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ìdí ìbọn á le, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a kó tó gòkè. Ẹni tó bá rí èyí tó tún gbé òmíràn sí i ń wá ohun tó máa rí ni.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé kí ẹnìkan ṣèèṣì da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú kòròfo kan ni ewu tó tóbi jù. Fún ìbọn ìléwọ́, òótọ́ ni, nítorí ẹ̀tù rẹ̀ kì í kún kòròfo. Fún ráífù, ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan ti máa ń kọjá ìdajì kòròfo, nítorí náà ẹlẹ́ẹ̀mejì á kún dà sílẹ̀, ẹ ó rí i. Ohun tó ń fọ́ ráífù jù ni ẹ̀tù tí kì í ṣe tirẹ̀: ẹni tó fi ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ kún kòròfo ráífù nítorí pé agolo méjèèjì jọ wà lórí tábìlì.

Òdìkejì rẹ̀ náà burú. Bí ẹnìkan bá gbàgbé ẹ̀tù pátápátá, práímà nìkan á ti ọta dé ààbọ̀ ọ̀nà, ọta á sì há sínú ọ̀pá ìbọn. Ariwo rẹ̀ á kéré, ó máa dún pọ́ọ̀. Ẹni tí kò fura, tó ní bóyá kátírìjì náà kò dára, tó ki òmíràn tó sì yìn ín, ọta kejì á lọ bá ẹ̀kíní lójú ọ̀nà, ọ̀pá ìbọn á sì bẹ́.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣà ṣakabùlà. Bàbá ọdẹ á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó, á ní ẹran alẹ́ yìí tóbi, "ẹ fi díẹ̀ kún un." Ṣakabùlà náà ń bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ń fojú fo àṣìṣe kékeré. Á kàn gbá èjìká gbàù, á rú èéfín jù. Ìrírí ogójì ọdún nídìí rẹ̀ ló ń kọ́ ọdẹ pé ojú òun tó fi wọn nǹkan. Ìrírí yẹn gan-an ni kò gbọ́dọ̀ bá a dé ìdí ẹ̀tù tuntun. Lójú tèmi, ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan rí, tó kàn ń tẹ̀lé ìwé lẹ́tà sí lẹ́tà, sàn níbẹ̀ ju ògbólógbòó ọdẹ tó fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Òjé náà wà níbẹ̀. Èérí práímà tó ti jóná ní òjé nínú, ó sì máa ń wà lára kòròfo tí wọ́n ń fọ̀. Wọn kì í jẹun nídìí tábìlì yẹn, wọ́n sì máa ń fọwọ́ dáadáa kí wọ́n tó gbé ọmọ.

Kí ni wọ́n ń jẹ lórí rẹ̀?

Wọ́n á ní ó dín owó kù. Ó dín in kù fún ẹni tó ń yìnbọn lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ ní pápá ìdárayá. Ọdẹ àgbọ̀nrín tí kì í yìn ju mẹ́wàá, ogún lọ láàárín ọdún, kí owó ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n, dáì àti ìwé tó padà sí i lọ́wọ́, yóò ti hu ewú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ìdí tó dúró dáadáa ni pé ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ohun tó fẹ́. Ìbọn méjì láti iléeṣẹ́ kan náà lè gba kátírìjì kan náà kí ọ̀kan kó ọta jọ síbi kan, kí èkejì fọ́n wọn ká. Àfọwọ́kì ń jẹ́ kí ọdẹ wá èyí tí ìbọn tirẹ̀ fẹ́, títí ọta mẹ́ta fi máa wọ inú íǹṣì kan ní 100 yáàdì. Ó dára láti rí. Àmọ́ ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́jọ, kátírìjì inú páálí sì ń ṣe ìyẹn tẹ́rùntẹ́rùn.

Ọ̀rọ̀ irú ọta náà wà. Ní California, láti July 1, 2019, òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni fi ọta òjé ṣọdẹ mọ́, nítorí ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní condor ń jẹ ìfun tí ọdẹ fi sílẹ̀ nígbó, òjé inú rẹ̀ sì ń pa á. Ọta bàbà ló kù fún wọn. Ẹni tó ń fọwọ́ kì lè yan èyí tó wù ú. Ó tún lè ṣe kátírìjì tí kò ní gbá èjìká ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nígbà kòrónà ní 2020 tí kátírìjì tán ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fọwọ́ kì rò pé àwọn ti bọ́. Kò pẹ́ tí práímà náà fi di ohun àwátì.

Ṣé òfin gbà á?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì kátírìjì fún ìlò ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ máa tà á, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá kò fi wá kan ilẹ̀kùn gáráàjì yẹn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ohun ìjà wa, èyí tó ti wà láti 1959, kò gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun ìjà olóró tàbí kátírìjì, tàbí kó tò ó pọ̀, àfi ní ilé ìkó-ohun-ìjà ti ìjọba tàbí ti àwọn ológun. Òfin náà kò yọ ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìbọn sílẹ̀. Ìwé àṣẹ dọ́bù bárẹ̀lì jẹ́ kí ẹ ní ìbọn náà. Kò sọ yín di iléeṣẹ́ kátírìjì. Bẹ́ẹ̀ ni wíwà lẹ́gbẹ́ ọdẹ tàbí nínú Àmọ̀tẹ́kùn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ẹni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣa kòròfo kátírìjì 12 jọ, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa tún un kì. Ọmọ Ògún ni wá, ìtàn ní Ìrè-Èkìtì níbí ni Ògún ti wọlẹ̀, irin kì í ṣe àjèjì sí wa. Alágbẹ̀dẹ wa lè wo dáì Òyìnbó kó sì rọ irú rẹ̀, n kò jiyàn. Ohun tí kò ní ni agolo ẹ̀tù tó lórúkọ, ìwé tó bá a mu, àti òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá mẹ́wàá gréènì. Ẹ̀tù dúdú tí wọ́n bá rò bí ẹni ro àmàlà tàbí ohun mìíràn tí wọ́n bá rí kì bọ inú ike yẹn, ẹni tó máa gbé ìbọn náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ni ewu rẹ̀.

Ti ọmọ tó wà ní Houston: ẹ̀tù àti práímà kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú nínú báàgì, yálà èyí tí wọ́n gbé lọ́wọ́ tàbí èyí tó lọ sábẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di ẹlẹ́jọ́ ní pápákọ̀ nítorí àgbọ̀nrín.

Ṣé ó tiẹ̀ wúlò fún ọdẹ Èkìtì?

Ká sọ pé òfin gbà á pàápàá, ibi tí ọdẹ wa ti ń ṣiṣẹ́ kò béèrè fún un. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, pẹ̀lú iná lórí, nínú igbó tí ewé kò jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. Ẹtu, ọ̀yà, àgbọ̀nrín tiwa, ibi ogún tàbí ọgbọ̀n mítà ni wọ́n ti ń bá wọn pàdé. Ráífù tó ń ta ọta kan sí igba mítà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ọta rẹ̀ tó bá sì tàsé ẹran lè lọ ju kìlómítà mẹ́ta lọ kó tó balẹ̀. Ẹ sì mọ bí oko kòkó, oko iṣu àti abà ṣe sún mọ́ra wọn láàárín Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ọdẹ wa jí lò lára Òyìnbó ni wíwá kátírìjì tí ìbọn ẹni fẹ́, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ, tó ń ra kátírìjì inú páálí níbi tí òfin ti gbà, lè gbé páálí ńlá kan kalẹ̀ níwájú òkìtì ilẹ̀ tó ga, ní ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, kó wọn ọgbọ̀n mítà, kó yin irú kátírìjì kan sí i, kó sì ka ihò. Kó pààrọ̀ páálí, kó yin irú mìíràn láti ibi kan náà. Irú àyẹ̀wò yìí ni Òyìnbó ń fi òbíríkítí tó fẹ̀ ní 30 íǹṣì ṣe ní 40 yáàdì. Ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní 00, mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú kátírìjì 12 kan. Bí mẹ́rin péré bá wọ páálí, ìbọn yẹn kò fẹ́ kátírìjì yẹn, tàbí kí ọdẹ sún mọ́ ẹran ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó sì yẹ àpò rẹ̀ wò kó tó jáde nílé. Kátírìjì 20 kéré díẹ̀ sí 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ló tóbi jù. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn 12, á yọ̀ lọ síwájú, á sì há síbi tí ojú kò ti lè rí i. Ọdẹ á rò pé ibẹ̀ ṣófo, á ti 12 bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, bó bá sì yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ ṣe ń fi àwọ̀ yẹ́lò sára kátírìjì 20, kí ọwọ́ tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn lè ní ohun tí iná orí máa fi hàn án.